Tia-rọ́bà tẹ́ ẹ rà ń yọ yín lẹ́nu? Bẹ́ ẹ ṣe máa jà fún ẹ̀tọ́ yín rèé

Ìbéèrè yìí ti ń sú mi í dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan á pè mí láti Ìsọ̀kùn, ẹlòmíì á dá mi dúró lọ́jà Atákúnmọ́sà níbi tí mo ti ń wá tòmátì rà, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Bọ̀dá, kọ́rọ́pe tuntun ni mo rà o, tia-rọ́bà, ẹnì kankan ò lò ó rí, oṣù kejì rèé gíà ò wọlé, àwọn tó tà á fún mi ní kí n ṣì máa lò ó ná, pé ara ẹ̀ máa tó mọ́lẹ̀. Ṣé mo lè dá a padà báyìí?"

Ó ṣeé ṣe. Wọ́n lè tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀, ẹ sì lè gbowó yín padà. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ bá ṣe lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ rí àléébù yẹn ló máa sọ èyí tọ́wọ́ yín máa tẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mi ò kí ń ṣe lọ́yà o. Kẹ̀kẹ́ márúwá ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ra tuntun kan nígbà yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ò tíì pé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í dákú tí mo bá ti ń gun òkè. Dípò kí n dá a padà síbi tí mo ti rà á, mẹkáníìkì àdúgbò ni mo gbé e lọ bá, ó tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ bí ẹni tú ẹrù ìyàwó, kò rí nǹkan kan, ó dì í padà. Ìgbà tí mo wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó tà á, wọ́n kàn wo nọ́ọ̀tì tí ọwọ́ ti kàn, wọ́n ní wọ́n ti tú u, wárántì ti lọ nìyẹn. Mi ò ní ìwé kankan tí mo lè fi bá wọn jiyàn, ẹnu lásán ni mo gbé lọ síbẹ̀, ẹnu náà ni mo gbé bọ̀.

Àwa Ìjẹ̀ṣà náà la ni òṣómàáló. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè ni, wọn ò ní dìde títí owó á fi jáde. Láyé ìsinyìí, orí ìwé la ti ń lóṣòó. Ohun tí gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí dá lé nìyẹn.

Ohun tí òfin sọ

Òfin tẹ́ ẹ máa dì mú ni Federal Competition and Consumer Protection Act 2018 (FCCPA). Òun ló dá FCCPC sílẹ̀, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, tó rọ́pò Consumer Protection Council tá a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn abala tó kan ọ̀rọ̀ mọ́tò nìyí:

- Abala 131: ọjà tẹ́ ẹ bá rà gbọ́dọ̀ dáa, kó máa ṣiṣẹ́, kó má ní àléébù, kó sì lálòpẹ́ débi tó yẹ kírú ọjà bẹ́ẹ̀ pẹ́ dé.
- Abala 122: tẹ́ ẹ bá ti sọ iṣẹ́ pàtó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọjà náà ṣe fún ẹni tó tà á, tí ò wá lè ṣe é, ẹ lè dá a padà láàárín àkókò tó bójú mu, kẹ́ ẹ gba gbogbo owó yín.
- Abala 117: tó bá jẹ́ àlòkù, tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.
- Abala 118: wọ́n gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé ọjà, ìyẹn risíìtì tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì wọn, ọjọ́, irú ọjà àti iye ẹ̀.
- Abala 129: àdéhùn tó bá fẹ́ gba àwọn ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ yín ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. "No refund of money after payment" tí wọ́n ń tẹ̀ sísàlẹ̀ risíìtì, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín.

Àwọn onímọ́tò èrò máa ń bi mí pé ṣé àwọn náà kà sí oníbàárà, nígbà tó jẹ́ iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹni tó rà á láti tún un tà ni òfin yọ sílẹ̀, àti ẹni tó fẹ́ lò ó láti fi ṣe ọjà míì jáde ní ilé-iṣẹ́. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gbé èrò láti ọjà lọ sí gáréèjì ò sí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè tú ọ̀rọ̀ kan tó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Wọ́n á ka nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á lọ bá dílà, ìyẹn ẹni tó ta mọ́tò fún wọn, pé "òfin ní tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta tí ò ṣe, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀", òmíì á ní ọgbọ̀n ọjọ́. Òfin Amẹ́ríkà àti ti ìlú Ọba nìyẹn. Tiwa ò ka iye ìgbà, kò sì ka iye ọjọ́, "àkókò tó bójú mu" ló kọ síbẹ̀. Ìyẹn ló fà á tí ìwé fi ṣe pàtàkì, torí ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé ẹ ò fi falẹ̀, pé ẹ fún wọn láyè, pé wọn ò lo àyè náà. Òfin ọjà títà tá a jogún látọ̀dọ̀ Western Region náà ń bẹ, ìyẹn tiẹ̀ le jù lórí ọ̀rọ̀ pípẹ́: tẹ́ ẹ bá ń lo ọjà lọ láì sọ nǹkan kan, wọ́n máa kà á sí pé ẹ ti gbà á bẹ́ẹ̀, ó wá ku owó gbà-máà-bínú nìkan tẹ́ ẹ lè béèrè.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Mi ò ní pẹ́ níbí, ọ̀pọ̀ yín ti sanwó tán kẹ́ ẹ tó máa kà á.

- Ẹ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, kẹ́ ẹ sọ ọ́ lórí WhatsApp kó lè wà nílẹ̀: "Mo fẹ́ fi máa gbé èrò Iléṣà sí Ifẹ̀ lójoojúmọ́." Abala 122 tí mo sọ, ibẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́.
- Ẹ gba ìwé wárántì, kẹ́ ẹ kà á lójú wọn. Oṣù mélòó? Kìlómítà mélòó? Ibo ni wọ́n ti máa ń ṣe sáfíìsì ẹ̀? Tó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí Èkó nìkan ni, ẹ rò ó dáadáa, owó fífà á lọ síbẹ̀ ò kéré.
- Ẹ fi nọ́ńbà ṣásì tó wà lára mọ́tò wé èyí tó wà nínú ìwé. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, ẹ kà á pé.
- Àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ lẹ máa fi owó sí, ẹ má fi sí ti ọmọ tó ń tajà.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí àléébù: ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan

1. Ẹ dúró, kẹ́ ẹ ya fídíò. Tí ìró kan bá ń jáde, tí iná ẹ́ńjìnnì bá tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí bíréèkì bá ń wọlé jù, ẹ ya á lójú ẹsẹ̀ kó tó dákẹ́. Kí kìlómítà hàn nínú fídíò náà. Ẹ mọ̀ pé mọ́tò dà bí ọmọ tí eyín ń dùn, tó bá ti rí dókítà á ní òun ti sàn.

2. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe mẹkáníìkì, kì í ṣe rewáyà, kì í ṣe àbúrò yín tó ń kọ́ iṣẹ́. Ẹ rántí kẹ̀kẹ́ mi. Tó bá jẹ́ pé ó dákú sójú ọ̀nà Ifẹ̀ tẹ́ ẹ sì gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, ẹ fà á, kẹ́ ẹ gba risíìtì ẹni tó fà á.

3. Ẹ sọ fún dílà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ lè pè wọ́n, àmọ́ lẹ́yìn ìpè ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́: "Ẹ káàsán sà, bá a ṣe sọ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kọ́rọ́pe tí mo rà lọ́wọ́ yín ní ọjọ́ báyìí, gíà kejì ò wọlé láti àárọ̀." Ìyẹn ti tó. Ẹ má bú wọn níbẹ̀, ẹlòmíì máa kà á lọ́jọ́ iwájú.

4. Tẹ́ ẹ bá gbé e lọ, ẹ má bọ̀ láì gba jọ́bù káàdì. Ìwé tó sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e wá, kìlómítà tó wà lórí ẹ̀, ohun tẹ́ ẹ sọ pé ó ń ṣe é, àti ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ibí ni wọ́n ti ń fi ọgbọ́n mú wa jù. Wọ́n á kọ "general checking" síbẹ̀, ìyẹn ò wúlò fún yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ "gíà kejì kì í wọlé". Tí wọ́n bá kọ̀ láti fún yín ní ìwé, ẹ ya fọ́tò mọ́tò náà nínú ọgbà wọn, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí wọn pé ẹ gbé e wá lónìí láago báyìí.

5. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá lọ gbé e, ẹ wà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Kì í ṣe nínú ọgbà wọn o, ẹ gbé e gba ojú òkè. Tó bá ṣì ń ṣe é, ẹ kọ ọ́ sára ìwé yẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

6. Ẹ ka iye ọjọ́ tó lò lọ́dọ̀ wọn. Mo mọ obìnrin kan ní Ifẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ló ń kọ tiẹ̀ sí. Ó ń fa igi kan lójúmọ́. Nígbà tó gbé kàlẹ́ńdà yẹn síwájú mánéjà, mánéjà fúnra ẹ̀ ló ka igi mọ́kàndínlógójì, kò ráyè sọ pé irọ́ ni.

7. Tó bá ti pé ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta tí àléébù kan náà ń padà wá, ẹ kọ lẹ́tà. Èmi ò ní dúró de ẹ̀ẹ̀kẹrin. Tó bá wá jẹ́ bíréèkì tàbí ìdarí, tó jẹ́ ohun tó lè pa èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó kẹ́ ẹ fi kọ lẹ́tà, kẹ́ ẹ sì má wà á mọ́.

Bí lẹ́tà náà ṣe máa rí

Ẹ lè kọ ọ́ lédè òyìnbó tí dílà ò bá gbọ́ Yorùbá, àmọ́ ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀ nìyí. Kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ má fi ìtàn ìgbésí ayé yín sí i, ẹ má fi ti bí ẹ ṣe ta ilẹ̀ bàbá yín kẹ́ ẹ tó rówó rà á sí i.

> Sí Mánéjà,
>
> Mo ra [irú mọ́tò] tuntun lọ́wọ́ yín ní [ọjọ́], ní iye ₦[owó]. Nọ́ńbà ṣásì ẹ̀ ni [nọ́ńbà], risíìtì ẹ̀ sì ni [nọ́ńbà].
>
> Láti [ọjọ́] ni [àléébù] ti bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e wá bá yín ní [ọjọ́] àti [ọjọ́]. Ó lo ọjọ́ [iye] lọ́dọ̀ yín, àléébù náà ṣì wà níbẹ̀.
>
> Abala 131 òfin FCCPA 2018 fún mi lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjà tí kò ní àléébù. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ [pààrọ̀ ẹ̀ / dá owó mi padà] kó tó di [ọjọ́].
>
> Tí mi ò bá gbọ́ látọ̀dọ̀ yín títí ọjọ́ yẹn, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí FCCPC, màá sì lọ sí kóòtù tó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ béèrè níbẹ̀, ẹ má kọ "ẹ tún un ṣe tàbí ẹ pààrọ̀ ẹ̀ tàbí ẹ dá owó mi padà tàbí ohun tó bá wù yín", èyí tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn jù ni wọ́n máa mú. Ọjọ́ mẹ́rìnlá lèmi máa ń ní kí wọ́n fi dáhùn, ìyẹn kì í ṣe òfin, ó kàn bọ́gbọ́n mu ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ méjì, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín pé àwọn ti gbà á. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ fi kúríà ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tọ́jú ìwé kúríà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní "mo fẹ́ dá a padà" o, ẹ má tún máa fi gbé èrò lọ lọ́jọ́ kejì. Mo ti rí i tí èèyàn kọ lẹ́tà tó dáa báyìí, tí dílà wá lọ ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ní gáréèjì níbi tó ti ń kígbe "ó ku ẹnì kan". Ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀.

Àwọn àwáwí tí wọ́n máa sọ, àti ohun tẹ́ ẹ máa fi fèsì

*"Epo burúkú lẹ rà."* Èyí ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ẹ máa ra epo níbi kan tàbí méjì tó ń fún èèyàn ní risíìtì ní gbogbo oṣù tí wárántì ṣì ń ṣiṣẹ́. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yẹ epo wò, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí. Ọ̀pọ̀ ìgbà wọn ò yẹ nǹkan kan wò.

*"Ẹ ò ṣe sáfíìsì lásìkò."* Tó bá jóòótọ́, ẹ ti fún wọn lọ́bẹ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá ṣe é, ìwé ẹ̀ dà? Ọ́ìlì tí ẹnì kan bá yín pààrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láìsí risíìtì, bákan náà ni pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ ò pààrọ̀.

*"Ẹ lọ bá àwọn tó ṣe é ní ilẹ̀ òkèèrè."* Rárá o. Ẹni tó gbowó lọ́wọ́ yín lẹ bá ṣe àdéhùn. Ẹ lè fi ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kún un lẹ́yìn, torí abala 136 mú ẹni tó bá pèsè ọjà tó ní àléébù, àmọ́ dílà ló kọ́kọ́ máa dáhùn.

*"Ẹ fọwọ́ síbí, a máa ràn yín lọ́wọ́."* Ẹ kà á! Tó bá kọ síbẹ̀ pé "full and final settlement", ohun tó ń sọ ni pé ẹ ò ní béèrè nǹkan kan mọ́ láéláé, nítorí gíà àlòkù kan tí wọ́n fẹ́ fún yín.

Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀

Abala 146 ló la ọ̀nà sílẹ̀. Ẹ lè bá dílà fúnra ẹ̀ sọ ọ́, ẹ̀yin ti ṣèyẹn. Ẹ lè gbé ẹ̀sùn lọ sí FCCPC. Ẹ sì lè gba kóòtù lọ tààrà, òfin ò ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ FCCPC kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

FCCPC lèmi máa kọ́kọ́ gbà yín níyànjú, torí ẹ lè fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ láti orí fóònù yín lórí fccpc.gov.ng láì kúrò ní Iléṣà. Ohun tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́:

- risíìtì àti ẹ̀rí tiransfá
- ìwé wárántì
- gbogbo jọ́bù káàdì
- lẹ́tà yín, pẹ̀lú ẹ̀rí pé wọ́n gbà á
- fídíò méjì tàbí mẹ́ta, ẹ má fi ogójì ránṣẹ́
- ojú ìwé kan tó to ọjọ́ tẹ̀lé ara wọn: ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á, ọjọ́ tó bàjẹ́, ọjọ́ tẹ́ ẹ gbé e lọ

Ojú ìwé ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, torí òun ni ẹni tó ń ka fáìlì máa kọ́kọ́ kà, ó sì lè jẹ́ òun nìkan ló máa kà lọ́jọ́ yẹn.

Kó tó kan kóòtù, ẹ béèrè nínú ẹgbẹ́ yín bóyá irú àléébù yẹn ń ṣe ẹlòmíì tó ra irú mọ́tò kan náà. Èèyàn méje tó fi ẹ̀sùn kan náà sùn lọ́sẹ̀ kan náà yàtọ̀ sí ẹnì kan. Nígbà yẹn ó lè máà jẹ́ mọ́tò yín nìkan ló ní àléébù, ó lè jẹ́ gbogbo èyí tí wọ́n kó wọlé.

Tó bá wá di ti kóòtù, májísíréètì wà ní Iléṣà, ó wà ní Ifẹ̀, owó tó bá pọ̀ jù agbára wọn lọ á lọ sí High Court. Ibí lẹ ti nílò lọ́yà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè iye tí lẹ́tà lọ́yà nìkan máa jẹ́, torí àwọn dílà kan wà tó jẹ́ bí wọ́n bá ti rí orí ìwé lọ́yà báyìí, ara wọn á bọ̀ sípò.

Ẹ má lọ gbé fọ́tò mánéjà sórí Facebook kẹ́ ẹ pè é lólè. Ẹ lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá pe èèyàn lólè, ẹ̀yin náà lè di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́.

Tí ti yín bá yàtọ̀ díẹ̀

Ẹ̀ ń san án díẹ̀díẹ̀ (hire purchase). Ẹ má torí pé kẹ̀kẹ́ bàjẹ́ dáwọ́ owó dúró láì sọ fún ẹnì kankan. Òfin Hire Purchase Act 1965 sọ pé tẹ́ ẹ bá ti san ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó mọ́tò, onímọ́tò ò lè gbà á lọ́wọ́ yín láì gba kóòtù. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti jẹ gbèsè ẹ̀ẹ̀mẹta tó yẹ kẹ́ ẹ ti san, òfin náà fún un láyè láti gbé e lọ tọ́jú sọ́dọ̀ ara ẹ̀ títí kóòtù á fi dá sí i. Ẹ kọ lẹ́tà àléébù, kẹ́ ẹ máa sanwó lọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ.

Tòkunbọ̀ ni. Ẹ̀tọ́ yín kéré sí ti tia-rọ́bà, torí kò sẹ́ni tó retí kí àlòkù dà bí tuntun. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá parọ́ fún yín nípa ẹ̀, irọ́ náà lẹ máa bá wọn jà lé lórí. Tó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ fi nọ́ńbà ṣásì wò ó lórí nhtsa.gov, ọ̀fẹ́ ni, ó máa sọ bóyá ríkọ́ọ̀lù kan, ìyẹn ìpè látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe é pé kí wọ́n gbé e padà wá tún ṣe, wà lórí ẹ̀ tí wọn ò tíì ṣe.

Ọmọ yín ló rà á lókè òkun. Níbẹ̀ ni iye ìgbà àti iye ọjọ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, "lemon law" ni wọ́n ń pè é, Connecticut ló kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀ lọ́dún 1982, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Ní California, tó bá jẹ́ láàárín oṣù 18 tàbí máílì 18,000, tí wọ́n bá ti tún àléébù kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, tàbí lẹ́ẹ̀mejì tó bá jẹ́ ohun tó lè pa èèyàn, tàbí tí mọ́tò ti lo ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ lọ́dọ̀ wọn, òfin á gbè é lẹ́yìn. Ní ìlú Ọba, Consumer Rights Act 2015 fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá a padà kó gbowó ẹ̀ pé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n láyè láti tún un ṣe. Ẹ kàn mọ̀ pé àwọn mọ́tò tí wọ́n gbà padà ní Amẹ́ríkà yẹn, wọn kì í jó wọn níná o, wọ́n máa ń tún wọn tà, ẹ sì mọ ibi tí àwọn kan nínú wọn ń gúnlẹ̀ sí.

Owó ọjọ́ tẹ́ ẹ pàdánù ńkọ́?

Èyí ni ìbéèrè tí àwọn onímọ́tò fi máa ń kádìí ẹ̀. Ẹ lè béèrè fún un ní kóòtù, àmọ́ ẹ máa fi ìwé hàn pé ẹ ń pa á lóòótọ́. Ìwé kékeré tẹ́ ẹ fi ń kọ iye tẹ́ ẹ pa lójúmọ́, epo tẹ́ ẹ rà, owó tíkẹ́ẹ̀tì, òun lẹ máa gbé jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò wálé, ẹ má dúró di ìgbà tí ìjà bá dé kẹ́ ẹ tó jókòó sílé kọ oṣù mẹ́ta papọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, torí báírò kan náà lẹ máa fi kọ ọ́, adájọ́ sì lójú.